Fláàṣì 32GB mi di 5MB lẹ́yìn tí mo fi Linux Mint kọ sí i. Ẹ gbà mí o!

Rísì_Tanke · Ọjọ́rú, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Laptop tòkunbọ̀ kan ni mo fi ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke níbí. Láti ìgbà tí Microsoft ti ṣíwọ́ àbójútó Windows 10 ní October 2025 ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n bọ́ sórí Windows 11, àmọ́ laptop náà kò gbà á, ó lóun ò ní TPM 2.0, ìyẹn chip ààbò tí Windows 11 ń béèrè. Ẹni tí a jọ ka ìwé ní kí n fi Linux Mint sí i, ìyẹn ètò ìṣiṣẹ́ kan tó lè rọ́pò Windows. Mo daunlóòdù ISO rẹ̀ (fáìlì tí wọ́n fi ń fi ètò náà sórí kọ̀ǹpútà), mo fi ètò kan tó ń jẹ́ Etcher kọ ọ́ sórí fláàṣì 32GB, mo sì fi Mint sórí laptop náà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun.

Fláàṣì gan-an ni wàhálà. Bí mo bá kì í bọ kọ̀ǹpútà mi kejì tó jẹ́ Windows, ńṣe ló ń ní kí n fọ́ọ̀màtì dísìkì náà kí n tó lè lò ó. Mo tẹ Format, ó yí díẹ̀, ó lóun ò lè parí rẹ̀. Ohun tí mo ń rí nínú This PC ni drive kékeré kan tí kò tó 5MB. 32GB mi dà? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Owó fláàṣì kì í ṣe kékeré mọ́ láyé ìsinsìnyí o.

SọjíGSM · 8:31 alẹ́

Ó ti kú. Ẹ ra òmíràn. Ohun tí Linux bá ti wọ̀, Windows kì í kà á mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀gá mi ṣe, títí dòní kò gba nǹkan kan sínú.

Kọ́lá_Ọ̀fà · 8:40 alẹ́

Sọjí, má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Kò tíì kú.

Rísì, tẹ Windows àti X pa pọ̀, kó o mú Disk Management. Wo ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n to àwọn dísìkì sí ní ìlà-ìlà. Kí ni wọ́n kọ síwájú fláàṣì yẹn? Má tíì tẹ nǹkan kan o, wíwò nìkan. Ohun tó o bá rí níbẹ̀ ló máa sọ ibi tí a máa gbà.

Rísì_Tanke · 8:52 alẹ́

Mo ti rí i, ẹ ṣé. Wọ́n kọ Disk 1, Removable, 28.9 GB. Àpótí tín-ín-rín kan wà tí kò tó 5MB, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, ìlà dúdú ló wà lórí ẹ̀, Unallocated ni wọ́n kọ sí i.

Àáfà Linux · 9:05 alẹ́

Àsàlámù àlékùn gbogbo ilé.

Tí wọ́n bá ti kọ 28.9 síbẹ̀, ara fláàṣì yẹn le koko. 28.9 yẹn náà ni 32GB rẹ. Àwọn tó ń ṣe fláàṣì máa ń fi ẹgbẹ̀rún ka ẹgbẹ̀rún, Windows ń fi 1,024 ka tirẹ̀, torí náà 32 tiwọn kì í kọjá 29.8 lójú Windows, wọ́n á sì tún yọ díẹ̀ pamọ́ sápá kan. Ìgbà tí Disk Management bá kọ No Media, tàbí tí kò rí ìwọ̀n kankan, ni kí ẹ̀rù bà ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. ISO Linux kì í ṣe fóldà tí a ṣí, tí a wá kó ohun inú rẹ̀ sínú fláàṣì. Odindi dísìkì ni wọ́n ká sínú fáìlì kan. Etcher tẹ ISO yẹn lé fláàṣì rẹ láti orí rẹ̀ pátápátá títí dé ibi tí ISO náà parí sí, tó fi mọ́ àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe pín in. Ó dà bí ẹni tó ní plọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan, tí wọ́n wá gba ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ya òmíràn tó jẹ́ igun ilé ìdáná nìkan ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀ kò rìn lọ síbì kankan. Ìwé la ó tún yà.

Ìdí tí Format fi kọ̀ ni pé ìpín kan ṣoṣo ló mọ̀. 5MB yẹn lo ní kó fọ́ọ̀màtì. Kódà ká ní ó parí, fláàṣì 5MB náà lo máa gbà.

O ti ní Mint nílé, kí lo wá ń bá Windows fà á sí? Ki fláàṣì bọ laptop Mint, ṣí mẹ́nù, wá USB Stick Formatter. Fúnra rẹ̀ ló máa to fláàṣì tó bá rí sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ìwọ̀n. Yan FAT32 tàbí exFAT (ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí dísìkì), tẹ Format, kó o fi ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ sí i. Gbogbo ohun tí Etcher kọ síbẹ̀ ló máa pa rẹ́, á sì da fláàṣì náà pọ̀ sí ẹyọ kan.

Alágbàṣe_Táíwò · 9:27 alẹ́

Àáfà sọ tiwọn, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tí kò ní Linux nílé ńkọ́? Èmi ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Táíwò, diskpart, ètò inú Windows tí wọ́n ń fi àṣẹ kíkọ pín dísìkì, ni mo máa ń lò fún irú èyí.

Kọ́kọ́ yọ gbogbo fláàṣì mìíràn àti hard disk ìta kúrò lára kọ̀ǹpútà, kó ku ẹyọ tó o fẹ́ ṣe. Tẹ cmd síbi ìwákiri Windows, fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, mú Run as administrator. Kọ diskpart, tẹ Enter. Ìlà wọ̀nyí ló tẹ̀ lé e, Enter lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan:

list disk
select disk 1
detail disk
clean
create partition primary
format fs=exfat quick
assign
exit

Ibi list disk ni kó o ti fara balẹ̀ jù. Nọ́ńbà tìrẹ lè má jẹ́ 1. Kọ̀ǹpútà tó bá ní SSD àti hard disk nínú, fláàṣì sábà máa ń bọ́ sí Disk 2. Ìwọ̀n ni kó o fi dá a mọ̀. detail disk á wá sọ orúkọ rẹ̀ fún ọ, á sì kọ USB síwájú Type. Bí kò bá ti kọ USB, má kọjá ibẹ̀. diskpart kì í bi èèyàn pé ṣé ó dá a lójú: bí o bá ti tẹ Enter lẹ́yìn clean, ó ti ṣe é nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé laptop wá bá mi lọ́dún tó kọjá, Disk 0 ló yàn, iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ bá a lọ.

Bó bá ṣì ń yọnu lẹ́yìn gbogbo èyí, clean all ni kó o lò dípò clean. Ìyẹn á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

Ọmọ_Àjàṣẹ́ · 9:33 alẹ́

Kí lẹ fi ń da ara yín láàmú pẹ̀lú kọ́ọ̀dù? Nínú Disk Management tó ti ṣí sílẹ̀ yẹn, Delete Volume, lẹ́yìn náà New Simple Volume. Ó tán.

Kọ́lá_Ọ̀fà · 9:41 alẹ́

Ọmọ Àjàṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn, Delete Volume á ṣú, kò ní í ṣeé tẹ̀. Lórí Windows 7 àti 8 tí àwọn kan ṣì ń lò, ìpín àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń rí lára fláàṣì. Windows 10 láti ẹ̀dà 1703 ló ti ń rí ju ẹyọ kan lọ. Ìdí nìyẹn tí diskpart fi jẹ́ àgbẹ́kẹ̀lé.

Alágbàṣe, gbogbo tiyín dára, àmọ́ clean all yẹn ni n kò fara mọ́. Òdo ló máa ń kọ sí gbogbo ojú fláàṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fláàṣì USB 2.0 tó ń kọ 10MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa gba bíi wákàtí kan gbáko fún 32GB, a ò sì mọ ìgbà tí wọ́n á mú iná lọ. Iye ìgbà tí wọ́n lè kọ nǹkan sí fláàṣì kí ó tó gbó níwọ̀n pẹ̀lú. clean lásán ti tó, àkọsílẹ̀ ìpín nìkan ló ń bà wá jà níbí. Ẹni tó fẹ́ ta fláàṣì rẹ̀ tàbí fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, tí kò fẹ́ kí wọ́n wú ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde, ni clean all wà fún.

Alágbàṣe_Táíwò · 9:46 alẹ́

Mo sọ pé "bó bá ṣì ń yọnu". Ẹ kà á dáadáa.

Rísì_Tanke · 9:58 alẹ́

Ẹ dákun, ẹ dúró ná. Bàbá àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n bá mi níwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní àwòrán wòlímà àbúrò àwọn wà nínú fláàṣì yẹn, ẹni tó yà á ló kó o sínú ẹ̀ fún wọn. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mi ò tíì tẹ clean o. Ṣé a lè rí i?

Àáfà Linux · 10:04 alẹ́

Yọ fláàṣì yẹn báyìí! Má fi diskpart kàn án, má fi USB Stick Formatter tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kàn án. Ìdúró tó o dúró yẹn dára.

ISO Mint kò ju bíi 3GB lọ. Ohun tó wà ní 3GB àkọ́kọ́ lára fláàṣì náà ti lọ, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Ṣùgbọ́n 26GB tó kù lẹ́yìn rẹ̀, Etcher kò fọwọ́ kàn án. Bí àwòrán bá wà lápá ibẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀ gan-an, ìwé tó ń tọ́ka sí i ló sọ nù. (Ẹ rí i báyìí, clean all ì bá ti gbá gbogbo rẹ̀ dànù.)

PhotoRec, ètò tó ń wá fáìlì tó sọ nù jáde, lo máa lò. Lórí Mint, ṣí Terminal, kọ:

sudo apt install testdisk
sudo photorec

Inú testdisk ni PhotoRec wà. Á to dísìkì sílẹ̀, yan èyí tó jẹ́ 30GB tàbí tó sún mọ́ ọn. Má yan ìpín 5MB, Whole disk ni kó o mú. Tó bá bi ọ́ nípa irú filesystem, mú Other. Ó máa ní kó o yan ibi tí yóò kó ohun tó bá rí sí: fóldà orí laptop ni o, kì í ṣe orí fláàṣì yẹn kan náà láéláé. Lẹ́yìn ìyẹn, fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́, kó o wà lórí ṣájà.

Orúkọ fáìlì kò ní í padà wá. Wàá kàn rí f0123456.jpg, f0123999.jpg, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán sábà máa ń wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀, ẹ lè fìyẹn tò ó. Fídíò gígùn ni mi ò fọwọ́ sọ̀yà, torí tí wọ́n bá ti gé e sí wẹ́wẹ́ káàkiri fláàṣì, PhotoRec lè má rí i so pọ̀.

Alágbàṣe_Táíwò · 10:15 alẹ́

Recuva náà wà lórí Windows, kò le tó èyí.

Kọ́lá_Ọ̀fà · 10:19 alẹ́

Recuva dára fún fáìlì tí èèyàn kàn parẹ́. Drive tó ní lẹ́tà ló máa ń wò, lẹ́tà tó wà níbí sì jẹ́ ti 5MB yẹn. Kò ní í rí ìyókù. Ti Àáfà ni kí Rísì tẹ̀ lé.

Baba_Ìgbájà · Ọjọ́bọ̀, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ọmọ-ọmọ mi tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi gba fláàṣì 64GB mi, ó fi Windows sínú rẹ̀ láti fi tún kọ̀ǹpútà àbúrò rẹ̀ ṣe, ó sì ti bá mi nù ún kúrò. Kọ̀ǹpútà ń ka fláàṣì náà, ìwọ̀n rẹ̀ pé, mo sì ti kó orin mi padà sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n rédíò inú ọkọ̀ mi kò mọ̀ ọ́n mọ́. Rédíò kékeré tí mo fi ń gbọ́ ìwàásù náà ń kọ ERR lójú. Fláàṣì kan náà tí wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀ ni o. Kí ni ó fà á?

Ìyá Sáíbà · Ọjọ́bọ̀, 7:02 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú bí ilé ti ń rí. Ẹ má ṣe ìyọnu, mo máa ń rí irú ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà mi lójoojúmọ́.

Ó ku díẹ̀ kí n fi dá yín lójú pé NTFS, irú ìtò fáìlì kan tó yàtọ̀ sí FAT32, ni fláàṣì yín wà báyìí. Fáìlì kan wà nínú Windows tí wọ́n ń pè ní install.wim, ó sábà máa ń ju 4GB lọ, FAT32 kì í sì gba fáìlì ẹyọ kan tó bá tó 4GB. Torí ẹ̀ ni Rufus, ètò tí wọ́n fi ń kọ Windows sí fláàṣì, fi máa ń sọ fláàṣì di NTFS bí wọ́n bá ń fi Windows sí i. Bí ọmọ bá wá parẹ́ fáìlì inú rẹ̀ nìkan, NTFS náà ló ṣì jẹ́. Kọ̀ǹpútà kò ní í mọ ìyàtọ̀. Rédíò ọkọ̀ àti rédíò ìwàásù, FAT32 nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn gbọ́.

Ohun tí ó jẹ́ kí ó le díẹ̀ ni pé tiyín jẹ́ 64GB. Ojú ibi tí Windows ti ń fọ́ọ̀màtì kì í gbé FAT32 kalẹ̀ fún ohun tó bá ju 32GB lọ, NTFS àti exFAT nìkan ni ẹ máa rí. Ẹ ní kí ọmọ ṣí Rufus kan náà tó fi ba nǹkan jẹ́. Níbi Boot selection, kó mú Non bootable. Níbi File system, kó mú FAT32, ó lè kọ Large síwájú rẹ̀. Kó tẹ START. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kó orin yín sórí kọ̀ǹpútà o, torí gbogbo ẹ̀ ló máa lọ.

Rísì, ọ̀nà Rufus yìí náà máa ń tún irú tìẹ ṣe, lẹ́yìn tó o bá ti rí àwòrán yọ.

Kọ́lá_Ọ̀fà · 7:30 àárọ̀

exFAT ni kí gbogbo èèyàn máa lò o jàre, ó gba fáìlì ńlá, Windows, Mac àti Linux ló ń kà á.

Ìyá Sáíbà · 7:44 àárọ̀

Ìwọ tó jẹ́ kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà ni. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì mi tó ní ihò USB kò ka exFAT. Tẹlifíṣàn àdúgbò mi kò kà á. Ẹni bá fẹ́ kó fíìmù ńlá, kó lo exFAT. Ẹni bá fẹ́ gbọ́ orin nínú ọkọ̀ tàbí kó tẹ ìwé jáde lọ́dọ̀ mi, FAT32.

Baba_Ìgbájà · 9:10 àárọ̀

Ọmọ náà ti ṣe é. Rédíò ti ń sọ̀rọ̀. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.

SọjíGSM · 10:05 àárọ̀

Àwọn ẹ̀gbọ́n, mo ti mú fláàṣì ọ̀gá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo ṣe diskpart bí Alágbàṣe ṣe kọ ọ́. Nígbà tó dé clean, ó ní "The media is write protected". Kì í ṣe pé mo kàn ń sọ̀rọ̀ lásán lánàá.

Alágbàṣe_Táíwò · 10:20 àárọ̀

Lẹ́yìn select disk, kọ ìlà yìí kó o tó kọ clean:

attributes disk clear readonly

Bó bá kọ̀, tẹ regedit (ibi tí Windows ń kó ètò rẹ̀ sí), lọ sí HKEY_LOCAL_MACHINE\SYSTEM\CurrentControlSet\Control, wo StorageDevicePolicies. Bó bá wà níbẹ̀, yí WriteProtect sí 0, kó o pa kọ̀ǹpútà kó o tún tàn án.

Kọ́lá_Ọ̀fà · 10:34 àárọ̀

Kí Sọjí tó wọ regedit, kó fi fláàṣì náà sí kọ̀ǹpútà mìíràn. StorageDevicePolicies kì í ṣàdédé wà. Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló máa ń fi í síbẹ̀ kí òṣìṣẹ́ má baà kó iṣẹ́ jáde. Bí kọ̀ǹpútà kejì bá gbà á, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ló níṣòro. Bó bá jẹ́ kádì inú àdápítọ̀ ni, kó wo bọ́tìnnì Lock kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí gbogbo kọ̀ǹpútà bá ń sọ ohun kan náà, tí attributes kò ràn án, kò sí Linux tó fà á. Chip tó ń darí fláàṣì ló rí i pé ojú ibi tó ń kọ nǹkan sí ti gbó, ó wá ti ilẹ̀kùn kíkọ pa, ó ṣí ti kíkà sílẹ̀ kí olówó lè kó ẹrù rẹ̀ jáde. Kó ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde lónìí, má dúró dọ̀la. Irú ẹ̀ ni a lè pè ní òkú.

SọjíGSM · 11:12 àárọ̀

Mo ti fi sí mẹ́ta, ohun kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá ọ̀gá sọ ọ́.

Olùkọ́_ÒmùÀrán · 1:25 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà: ayédèrú fláàṣì. Kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ní Òmù-Àrán. Wọ́n ra fláàṣì 64GB mélòó kan fún wa, owó rẹ̀ dínkù gan-an sí iye tí wọ́n ń tà á. Mo fi Rufus kọ Windows sí ọ̀kan, kò sí àṣìṣe kankan. Nígbà tí a dé ìdajì fífi Windows sórí kọ̀ǹpútà, ó gbé 0x80070570 wá, ìyẹn ni pé fáìlì kò ṣeé kà. A fẹ̀sùn kan ISO, mo fi certutil -hashfile yẹ SHA256 rẹ̀ (àmì ìdánimọ̀ fáìlì) wò, ó bá ti orí sáìtì mu rẹ́gírẹ́gí. Mo wá fi H2testw kọ fláàṣì náà kún, mo ní kó kà á padà. Ojúlówó rẹ̀ kò tó 8GB.

Àwọn tó ń ṣe é ló kọ́ chip inú rẹ̀ láti máa purọ́ ìwọ̀n. Disk Management á kọ 64 fún ọ, diskpart á kọ ọ́, fọ́ọ̀màtì á ṣe wéré. Bí o bá kó nǹkan tó ju ojúlówó rẹ̀ lọ, orúkọ fáìlì á wà, inú rẹ̀ á ṣófo tàbí á di ìdọ̀tí. Torí náà, ohun tí Àáfà sọ lókè pé tí wọ́n bá ti kọ 28.9 ara rẹ̀ le, mo ní àtúnṣe díẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ fláàṣì tí a ti ń lò kún dáadáa tẹ́lẹ̀, òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ tuntun tí a rà ní pọ́ọ́kú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Ẹni tó ń lo Linux, ètò F3, tó ń ṣe irú iṣẹ́ H2testw, ni kó lò: sudo apt install f3, lẹ́yìn náà f3write àti f3read sórí ibi tí fláàṣì ṣí sí. Fún ẹni bá sì ń ra èyí tí wọ́n kọ 2TB sí lára ní owó ìpápánu, kò sí kọ́ọ̀dù tó lè ràn án lọ́wọ́.

Àáfà Linux · 1:50 ọ̀sán

Olùkọ́, ẹ ṣeun, mo gba àtúnṣe yẹn. Ẹ fi kún un pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ tí wọ́n rà á gan-an, kí ẹni tó tà á tó máa sọ pé lọ́wọ́ yín ló ti bàjẹ́.

Rísì_Tanke · 5:37 ìrọ̀lẹ́

PhotoRec ti parí! Ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ àwòrán tó wú jáde pọ̀ ju ohun tí a ń wá lọ: àwọn ìwé ìpè ìgbéyàwó tí mo tẹ̀ nígbà kan wà níbẹ̀, fọ́tò páálí ẹyin wà níbẹ̀, Ọlọ́hun ló mọ ẹni tó yà á. Ti wòlímà pọ̀ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n yà nígbà tí àwọn ọmọ ń ka Kùránì kò sí mọ́, ti ìgbà tí wọ́n ń fi láwàní wé wọn lórí àti ti ìjẹun pé. Bàbá àwọn ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín. Fídíò méjì tó wà níbẹ̀ kò ṣí.

Lẹ́yìn tí mo kó wọn sí orí laptop àti sórí fóònù wọn, mo lo USB Stick Formatter, FAT32. 28.9 ti padà, Windows kà á láìjanpata.

Àáfà Linux · 5:50 ìrọ̀lẹ́

Máṣàáláhù. Bí o bá tún fẹ́ fi Linux sí fláàṣì lọ́jọ́ mìíràn, fi Rufus ṣe é. Ó máa bi ọ́ ṣé ISO Image mode tàbí DD Image mode. Mú ISO. Ìyẹn ń kó fáìlì sínú fláàṣì ni, kò ní í sọ 32GB di 5MB lójú Windows. Àwọn ISO kan wà tí kò ní í bọọ́tù (kí kọ̀ǹpútà fi fláàṣì tàn) àfi pẹ̀lú DD, tó ń ṣe bíi ti Etcher, ìgbà náà lo máa mọ ohun tó o máa bá pàdé.

Ìyá Sáíbà · 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, oníbàárà kan á ní Windows 10 lòun fẹ́, òmíràn á ní 11, ọmọ Yunifásítì á dé, á ní Ubuntu. Ṣé gbogbo ìgbà ni n ó máa pa fláàṣì rẹ́ tí n ó tún máa kọ ọ́?

Àáfà Linux · 6:28 ìrọ̀lẹ́

Rárá o, Màmá. Ventoy ni kí ẹ lò. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa fi í sí fláàṣì. Lẹ́yìn náà, ISO yòówù tó bá wù yín, ẹ kàn dà á sínú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń da orin. Bí kọ̀ǹpútà bá bọọ́tù, á to gbogbo wọn sílẹ̀ kí ẹ yan. Ẹ máa rí ìpín kékeré 32MB kan tó ń jẹ́ VTOYEFI, ẹ má fọwọ́ kàn án. exFAT ló máa ń sọ ìpín ńlá dà, ẹ lè fọ́ọ̀màtì ìyẹn nìkan sí NTFS bí ẹ bá fẹ́.

Alágbàṣe_Táíwò · 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ sọ ti Secure Boot fún wọn, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bọọ́tù ohun tí kò mọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tí wọn kò bá tíì pa Secure Boot, ojú búlúù kan máa yọ ní ìgbà àkọ́kọ́, àwọn èèyàn á rò pé ó ti bàjẹ́. Kí ẹ mú Enroll key from disk, kí ẹ wọ VTOYEFI, ẹ máa rí ENROLL_THIS_KEY_IN_MOKMANAGER.cer, ẹ mú un, ẹ tẹ Continue, lẹ́yìn náà Yes, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Kò ní í béèrè mọ́ lórí kọ̀ǹpútà yẹn.

Ìyá Sáíbà · 6:52 ìrọ̀lẹ́

Dell kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ fi dán an wò. Bó bá ń tàn, bọ́tìnnì F2 ni kí n tẹ̀ àbí F12?

Alágbàṣe_Táíwò · 6:54 ìrọ̀lẹ́

F12 ni ti Dell, ibẹ̀ lẹ ti máa yan fláàṣì. F2 á gbé yín wọ BIOS, ibi tí wọ́n ti ń yí ètò kọ̀ǹpútà. HP ni F9.